Ẹ Gba Ire Púpọ̀: Bí Ará Kòríà Ṣe Ń Súre

Ọdún tuntun ìbílẹ̀ àwọn ará Kòríà, èyí tí wọ́n ń pè ní Sọllal, kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún, nítorí òṣùpá ni wọ́n fi ń kà á. Ó lè bọ́ sí oṣù kìíní, ó sì lè bọ́ sí oṣù kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ á kúnlẹ̀ níwájú bàbá àgbà àti ìyá àgbà, wọ́n á tẹrí ba títí orí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àgbà á fún wọn lówó, á sì súre fún wọn. Ire ẹnu àgbà yìí ní orúkọ tirẹ̀: dọkdam. Láyé àtijọ́, wọ́n a máa sọ dọkdam bíi pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ ti ṣẹ. Ọmọ tí kò tíì jókòó ṣe ìdánwò, àgbà á ní, "Mo gbọ́ pé o ti yege. O kú oríire."

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà lọ́jọ́ náà ni "Sẹhẹ bok mani baduseyo." Sẹhẹ ni ọdún tuntun, bok ni ire, mani ni púpọ̀, baduseyo ni "ẹ gbà." (Lẹ́tà Yorùbá ni a fi kọ ọ̀rọ̀ Kòríà nínú orí yìí, torí ẹ àti ọ tiwa sún mọ́ ohùn tiwọn. A kò fi àmì ohùn sí i: èdè Kòríà ti Seoul kì í fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bíi tiwa.)

Ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa. Yorùbá tó ń súre á ní, "Kí Ọlọ́run ṣe é lọ́dún ayọ̀," ẹni tó gbọ́ á ṣe àmín. Ará Kòríà kò ké pe ẹnikẹ́ni nínú ire tirẹ̀. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ gan-an ló ń sọ fún pé kó gbà á. Kò sí àmín; olùgbọ́ á dá ọ̀rọ̀ kan náà padà ni. Bí ẹni ń pàṣẹ ni wọ́n ṣe ń súre, ẹni tó bá sì ti mọ èyí, ọ̀rọ̀ ìṣírí wọn yòókù kò ní ṣòro fún un.

Irú ire yìí ni wọ́n ń tẹ̀ sórí káàdì ọdún tuntun. Ní àgbègbè Chilgok, àwọn ìyá àgbà tí kò ráyè lọ sílé ìwé nígbà èwe wọn lọ kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní kíláàsì àgbà. Ní 2020, wọ́n fi ìkọ̀wé ọwọ́ márùn-ún nínú wọn ṣe lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò. Nígbà tí 2023 wọlé, ọ̀kan nínú lẹ́tà wọ̀nyí ni ààrẹ Gúúsù Kòríà fi kọ káàdì ìkíni ọdún tirẹ̀.

Ẹni tí ayé sú, tàbí tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn, wọ́n á ní kó "himnẹ." Him ni agbára, nẹ ni kí a mú nǹkan jáde. Mú agbára rẹ jáde. Ọ̀rẹ́ lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi -seyo sí i nídìí: himnẹseyo. Àwa ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ìdí ọ̀rọ̀ ni àwọn ń fi ọ̀wọ̀ tiwọn sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù Kòríà á ti gbọ́ "hwaiting," tí wọ́n máa ń di ẹ̀ṣẹ́ sókè kígbe. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìjà ni wọ́n yá lò, ṣùgbọ́n kò sí ìjà kankan nínú rẹ̀ mọ́. Wọn kò ní f, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń pè é ní paiting. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó èdè wọn ti gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n máa lo "aja" (kì í ṣe ajá tó ń gbó o) tí í ṣe ọ̀rọ̀ tiwọn. Hwaiting náà ló ṣì wà lẹ́nu aráyé.

Sugo ni làálàá. Ẹni tó rajà tán ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, á ní "sugohaseyo" kó tó lọ. Ibi tí àwa á ti sọ pé "ẹ kú iṣẹ́" nìyẹn. Àmọ́ ibí ni àṣẹ inú ire ti ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí gan-an ni "ẹ máa ṣe làálàá lọ." Ọmọdé wo ló fẹ́ pàṣẹ ìyẹn fún ọ̀gá rẹ̀? Àwọn tó mọ̀wà hù ń kìlọ̀ pé kí òṣìṣẹ́ má sọ ọ́ fún ẹni tó jù ú lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń sọ ọ́ síbẹ̀. Lójú tèmi, ìkìlọ̀ náà ti le jù. -Seyo ti bá wọn tu àgbà lójú. Irú àríyànjiyàn yìí náà wà lórí "gọnganghaseyo," ìyẹn "ẹ ní ìlera." Àwọn onígírámà ní a kì í pàṣẹ ìlera fúnni. Àwọn ọmọ kò yéé sọ ọ́ fún òbí wọn.

Ẹni tó kó wọlé tuntun, ọṣẹ ìfọṣọ àti tíṣù ìnùdí ni àlejò ń gbé wá fún un: kí ọrọ̀ máa hó sókè, kí ọ̀ràn máa tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Níbi òkú, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹni tó wá bánikẹ́dùn á wólẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú àwòrán olóògbé, ó sì lè jáde láì sọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tí yóò bínú sí i.

Oṣù kọkànlá ni ìṣírí pọ̀ jù, nígbà ìdánwò àbáwọlé yunifásítì tí wọ́n ń pè ní Sunung. Ọdún 1993 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ọjọ́bọ̀ kan ṣoṣo ni, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọ́fíìsì á pẹ́ ṣí kí ọ̀nà lè dá fún àwọn ọmọ. Ọlọ́pàá á fi alùpùpù gbé èyí tó bá pẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń fi etí gbọ́ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, bàálù kì í gbéra, bẹ́ẹ̀ ni kì í balẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 35. Àwọn ìyá á wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tẹ́ḿpìlì Búdà, wọ́n ń gbàdúrà.

Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹbí àti ọ̀rẹ́ á fún akẹ́kọ̀ọ́ ní yọt, súìtì tí wọ́n fi ọkà sè, tó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín. Butta, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò bí nǹkan bá lẹ̀, ni wọ́n tún ń lò bí ènìyàn bá yege. Àwọn ìyá mìíràn a tiẹ̀ máa lẹ yọt mọ́ géètì ilé ìwé. Ohun tí ọmọ kò gbọdọ̀ fẹnu kàn ni miyọkkuk, ọbẹ̀ ewéko inú òkun tó ń yọ̀ bí ilá, torí ẹni tó bá yọ̀ ti fìdí rẹmi. Bẹ́ẹ̀, ọbẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n ń sè fún ọlọ́jọ́ìbí, nítorí òun ni ìyá ìkókó ń mu lẹ́yìn ìbímọ. Àánú ọmọ tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Sunung ń ṣe mí.

Bí ẹ bá fẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní yọt, ẹ fi lé e lọ́wọ́ kí ẹ sì dákẹ́. Ẹni tó bá la ẹnu sọ fún ará Kòríà pé "jẹ yọt," èébú burúkú ló bú u yẹn.