Ìwé Kékeré fún Àyẹ̀wò Ọkàn



Bí ìyá kan bá ń dá àjọ lọ́jà wa ní Ìjàn, kì í fi iye tí ó ti dá sínú orí nìkan. Alájọ a máa sàmì sí káàdì rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí oṣù bá sì parí, àmì ni a ó kà. Ṣùgbọ́n báwo ni a ti ń ṣọ́ ìwà wa? A ó pinnu nígbà Ààwẹ̀ pé a ó fi ìbínú sílẹ̀; kí ó tó di Àjíǹde, a ti gbàgbé. Baálé ilé a máa pe ara rẹ̀ ní onísùúrù, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sá pamọ́ bí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ohun tí ó bá bọlá fún un nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń rántí.

Ignatius Mímọ́ ti Loyola fi ọ̀nà kan hàn wá nínú ìwé rẹ̀ lórí ìdárayá ti ẹ̀mí, tí a tẹ̀ ní ọdún 1548. Ó ní kí ènìyàn mú àbùkù kan ṣoṣo. Bí ó bá jí, kí ó pinnu láti ṣọ́ra fún un. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán àti lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ó yẹ wákàtí tí ó kọjá wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sàmì kékeré sórí ìlà ọjọ́ náà fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó ṣubú. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọ̀sán wé alẹ́, ọjọ́ wé ọjọ́, àti ọ̀sẹ̀ wé ọ̀sẹ̀.

Pápà Mímọ́ Jòhánù Kẹtàlélógún jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ní Bergamo nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1895. Kò dẹ́kun títí ọjọ́ ogbó rẹ̀; ọdún 1964, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni a tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé àṣà òyìnbó nìkan ni. Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn, tí ó kú ní ọdún 1963, kọ ìwé ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì fi ìnira owó rẹ̀ àti ìdààmú ọkàn rẹ̀ pamọ́ fún ìwé náà.

Báwo ni kí á ṣe é?

Èkíní: Ìjọ kọ́ wa ní ìwà rere mẹ́rin tí ó jẹ́ òpó fún ìyókù: ọgbọ́n, òdodo, ìgboyà àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Yan ẹ̀ka kan lára wọn fún oṣù kan. Kí oníbìínú yan sùúrù. Kí ẹni tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kò pé yan òdodo.

Èkejì: Lẹ́yìn àmì alẹ́, kọ gbólóhùn kan lórí ohun tí ó fa ìṣubú náà. Ṣé àárẹ̀ ni? Ṣé ọtí ni? Ṣé gbèsè ni? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìwé yóò fi ibi tí ó ń gbà wọlé hàn ọ́.

Ẹ̀kẹta: Ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ ni kí o kọ, kì í ṣe ti aya rẹ tàbí ti aládùúgbò rẹ.

Ẹ̀kẹrin: Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ó máa ju hóró ẹ̀wà kan sínú igbá fún ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì kà á ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹ má sọ̀rètí nù bí àmì bá pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ojú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni. Ṣùgbọ́n dígí a máa fi ìdọ̀tí ojú hàn, kì í wẹ ojú. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ní ń wẹni mọ́. Ẹ gbé ohun tí ẹ bá rí lọ sí ibi Ìjẹ́wọ́, kí ẹ má kàn wí pé, “Mo máa ń bínú nígbà mìíràn.” Bí ẹ bá sì ti kúrò níbẹ̀, ẹ lọ bá ẹni tí ẹ ṣẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ inú ilé yín, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́.

Kí Ọlọ́run bùkún ìpinnu yín. Àmín.