Bí Ìtọ̀ Bá Ń Ta Obìnrin

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, bí ìtọ̀ bá ń ta yín, tí ẹ ń tọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ léraléra, kì í ṣe dandan kó jẹ́ àtọ̀sí. Kòkòrò inú ìgbẹ́, E. coli, ló sábà ń fà á, torí ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin kúrú. Kí ìtìjú má ṣe gbé yín lọ ra kápúsù ẹyọ méjì ní bòókẹ́lẹ́. Ó lè rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kòkòrò tó bá yè á tún gbérí, oògùn yẹn sì lè má ràn án mọ́. Àwa kò rí èrè nínú irú òwò bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò. Nitrofurantoin tí dókítà sábà ń kọ, ọjọ́ 5 la fi ń lò ó, ara ì báà ti yá ní ọjọ́ kejì. Aláboyún kò gbọdọ̀ dá oògùn lò. Matánítì Lagos Island kò jìnnà sí Ìga Ìdúngànràn. Bí ibà àti ẹ̀gbẹ́ ríro bá kún un, ó lè ti dé kíndìnrín: ẹ pa ìsọ̀ dé, kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà.