Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ìmọ̀ Tó Kárí Ní Í Mú Iṣẹ́ Gbèrú

Kí o tó kà á: Ta ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́ rí? Ǹjẹ́ ó fi gbogbo rẹ̀ hàn ọ́?

Àyọkà

Abẹ́òkúta lókìkí fún àdìrẹ. Láyé àtijọ́, ìyá ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní iṣẹ́ yìí. Kò sí ìwé. Ọmọ á jókòó ti ìyá, á máa wo bí wọ́n ṣe ń fi ewé ẹ̀lú àti omi eérú po aró, títí tí òun náà yóò fi mọ ìgbà tí aró tó rẹ aṣọ.

Nígbà tó yá, kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó dé. Iṣẹ́ yá sí i, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ohun tuntun náà kò kárí. Àwọn tí kò mọ ìwọ̀n sódà ń dà á jù. Aṣọ ń tètè gbó, àwọn oníbàárà sì ń fura. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de èròjà méjèèjì. Àwọn aláró fárígá. Òfin lè gba sódà lọ́wọ́ ènìyàn. Kò lè kọ́ ọ ní bí a ṣe ń lò ó.

Ní Òṣogbo, ọ̀nà mìíràn ni Nike Davies-Okundaye gbà. Ní ọdún 1983, ó dá ibùdó kan sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní àdìrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ gbé bátànì àdìrẹ kúrò lórí ìró, ó yà á sórí kánfáàsì.

Lónìí, ẹ̀rọ ilẹ̀ Ṣáínà ń tẹ aṣọ tó jọ àdìrẹ, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Aláró kò lè fi owó pọ́ọ́kú bá ẹ̀rọ díje. Iṣẹ́ tó dára àti ọnà tuntun ló kù fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé iṣẹ́ gbogbo. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ iṣẹ́, ọjọ́ tó bá fẹ̀yìn tì ni ìmọ̀ náà lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ọ̀rọ̀ tuntun

kárí: dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn
fárígá: kọ̀ jálẹ̀
díje: bá ẹlòmíràn du ohun kan náà

Ìbéèrè

1. Kí ló mú kí àwọn oníbàárà máa fura?
2. Ǹjẹ́ Aláké jàre, àbí àwọn aláró? Sọ ìdí rẹ.
3. Lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Hazel Crest tàbí ní àdúgbò rẹ. Bi àgbà òṣìṣẹ́ kan pé: “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí tí kò sí nínú ìwé?” Kọ ìdáhùn wọn ní èdè Yorùbá.