Bí Àdúrà Ò Bá Gbà: Ohun Tí Àwọn Júù Fi Ń Kọ́ Ọmọ Wọn

Mo gbọ́ pé o ti ń yẹra fún àdúrà, nítorí ohun tí o tọrọ kò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Jókòó, ọmọ mi. Àwọn Júù ti rí irú èyí rí.

1. Má rò pé ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run ń kọ̀ fún. Ta ló sún mọ́ Ọn tó Mósè? Ó bẹ̀ ẹ́ kí òun wọ ilẹ̀ Kénáánì. Àwọn rábì àtijọ́ ní ìgbà 515 ló bẹ̀. Ọlọ́run ní ó tó, kó má sọ ọ́ mọ́. Orí òkè Písígà ló dúró sí tó fi wo ilẹ̀ náà lókèèrè, kò sì débẹ̀ tó fi kú. Síbẹ̀, "olùkọ́ wa" làwọn Júù ń pè é títí dòní. Ẹni tó bá ní àìnígbàgbọ́ rẹ ló fà á, má dá a lóhùn.

2. Má gbàdúrà lé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán. Míṣínà, ìwé òfin tí wọ́n kó jọ ní nǹkan bí ọdún 200, ní bí o bá ń ti ìrìnàjò bọ̀, tí o gbọ́ igbe ẹkún láàárín ìlú, tí o wá ń bẹ̀bẹ̀ kó má jẹ́ ilé tìrẹ, àdúrà asán nìyẹn. Ilé tó ṣẹlẹ̀ sí ti ṣẹlẹ̀ sí i ná; ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èmi tún rí nǹkan kan níbẹ̀: bí kì í bá ṣe ilé tìrẹ, ilé aládùúgbò rẹ ni. Yára ẹsẹ̀, lọ wò wọ́n.

3. Bí inú bá ń bí ọ sí Ọlọ́run, Òun gan-an ni kí o sọ ọ́ fún. Rábì Levi Yitzchak ti ìlú Berditchev, tó kú ní 1809, gbajúmọ̀ fún bó ṣe máa ń bá Ọlọ́run ṣẹjọ́ nítorí àwọn èèyàn rẹ̀, síbẹ̀ kò kúrò nídìí àdúrà. A kì í bínú orí, ká fi fìlà dé ìbàdí. Lẹ́yìn tí ìjọba Hitler pa Júù bíi mílíọ̀nù 6, àwọn kan tó yè é kò gbàdúrà mọ́, àwọn kan kò fi sílẹ̀. Èmi ò jẹ́ dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́bi.

4. Má dá gbé ìbànújẹ́ rẹ. Ọmọ Júù tí òbí rẹ̀ kú máa ń ka àdúrà Kaddish fún oṣù 11. Kò sí ọ̀rọ̀ ikú nínú rẹ̀. Ìyìn Ọlọ́run ni. Ẹnu ẹni tí ìyìn ṣòro fún ni wọ́n fi í sí, kò sì lè dá kà á: èèyàn 10 gbọ́dọ̀ pé síbẹ̀, kí wọ́n máa bá a ṣe àmín. Lọ wá àwọn tìrẹ.