Oṣù Mẹ́sàn-án Kọ́ Lẹ Ní

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù níbi tí wọn kì í ti í fún aboyún ní ìsinmi, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọkọ wọn náà, ẹ má dìde. Ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀ níwájú.

Ẹ ń ka oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ ní kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó dé, ẹ ó ti wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ ń tan ara yín jẹ ni. Kì í ṣe ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni owó ń dá dúró. Ọjọ́ tí ikùn bá yọ ni. Oṣù karùn-ún ni, bó pẹ́ títí ìkẹfà. Ọjọ́ náà ni ọ̀gá yóò pè yín wọlé, tí yóò pa ilẹ̀kùn dé, tí ohùn rẹ̀ yóò tutù lójijì. Ẹ ti fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ bì, ẹ fi ìkẹrin sùn. Kí ló wá kù? Ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó lóyún lónìí, tí kò ní kọ́bọ̀ nípamọ́, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi ìbímọ, ewu ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò tíì kanlẹ̀kùn ni.

Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò rí i rí. Ẹ ti rí tíṣà ilé-ìwé aládàáni tó padà sí kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ kejì tó bímọ. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì dá lára rẹ̀. Omi ọmú ń rin bùláòsì rẹ̀ lójú àwọn ọmọ, ó sì ń fi ìwé bo àyà. Ọmọ tó yẹ kó máa mu ọmú náà wà lọ́wọ́ aládùúgbò, omi ṣúgà ni wọ́n ń fún un. Ẹ ti rí ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà ní súpámákẹ́ẹ̀tì, tó ń dúró láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́jọ alẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú kọjá bàtà, tí wọn ò jẹ́ kó jókòó. Ẹ ti rí èyí tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ sọ pé kò gbọdọ̀ lóyún kí ọdún méjì tó pé. Ẹ káàánú wọn. Ẹ sì padà sẹ́nu iṣẹ́ yín bí ẹni pé irú rẹ̀ ò lè kàn yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òfin wí, torí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá yín sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 54, sọ̀rọ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, ní ibi ìṣòwò tàbí lóko, ìbáà jẹ́ ti ìjọba, ìbáà jẹ́ ti aládàáni. Bí ó bá mú ìwé dókítà wá pé ìkúnlẹ̀ kò ní ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ mọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sílé. Lẹ́yìn ìbímọ, wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6. Bí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà kó tó lọ, owó tí wọn yóò máa san fún un kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó rẹ̀. Bí ó bá padà dé, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Wọn kò sì gbọdọ̀ fún un níwèé ìdádúró nígbà tó wà lẹ́nu ìsinmi ìbímọ.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ọ̀sẹ̀ 16. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń gba oṣù 6 pẹ̀lú owó rẹ̀ pé, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, láti 2014. Ẹ̀yin ò sí lára wọn. Ẹ má fi ìsinmi ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alausa tu ara yín nínú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti 2024, owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà. Ọ̀pọ̀ tíṣà ilé-ìwé aládàáni kì í rí iye yẹn gbà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹ ń gbà á. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 35,000. Oṣù mẹ́ta, 105,000. Ẹni tí 70,000 kò tó ó jẹun kó tó lóyún, báwo ni yóò ṣe fi 35,000 bọ́ ara rẹ̀, bọ́ ọmọ, san owó iná? Bí ọ̀gá bá sì tẹ̀ lé òfin nìyẹn o. Bí kò bá tẹ̀ lé e, kò sí kọ́bọ̀.

Ẹ ò tíì ka owó ìbímọ fúnra rẹ̀. Ẹ lọ béèrè ìwé ẹrù ìbímọ ní ọsibítù yín. Izal wà níbẹ̀, òwú wà níbẹ̀, ìbọ̀wọ́, bíléèdì, ohun tí wọ́n fi ń de ìwọ́ ọmọ, páàdì ńlá, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì yóò mú bírò, yóò máa fi sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá sí, ọkọ yóò sáré lọ rà á lẹ́nu géètì, ẹni tó ń tà á sì mọ̀ pé ìrọbí ń mú ìyàwó rẹ̀. Èyí ni ti ìbímọ tó lọ wẹ́rẹ́. Bó bá di iṣẹ́ abẹ, ọsibítù aládàáni yóò béèrè owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó gbé obìnrin wọ tíátà. Iṣẹ́ abẹ kì í dá ọjọ́ fúnni. Obìnrin tó bímọ tán, tí wọn ò jẹ́ kó lọlé torí owó ọsibítù, kì í ṣe ìtàn àlọ́ ní ilẹ̀ yìí.

Kí ni ọ̀pọ̀ ń ṣe? Wọ́n ń fi oyún pamọ́. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n ń fi aṣọ fún ikùn pinpin kí ọ̀gá má baà rí i. Wọn ò lọ gba káàdì, torí ọjọ́ káàdì jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún rí elétò ìlera nígbà 8, ó kéré tán. Ìwọ ò tíì lọ lẹ́ẹ̀kan, o ti wà ní oṣù keje. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ké gbàjarè. Orí fífọ́ ni o máa pè é, o máa lo Panadol, o máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí gìrì bá gbé ọ ṣánlẹ̀ nínú kíláàsì, kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ, kò sí káàdì, kò sí owó. Fún ọdún 2023, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ni pé obìnrin bí 75,000 ló kú nítorí oyún tàbí ìbímọ ní Nàìjíríà. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Ọ̀pọ̀ wọn ì bá má kú bí wọ́n bá tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lè tọ́jú wọn.

Bí o bá sì bímọ láyọ̀, ewu ò tíì tán. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè gbéra lẹ́yìn ìbímọ, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé. Ẹ̀jẹ̀ lè ya lójijì ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀sẹ̀ 6 tí òfin kọ sílẹ̀ yẹn kì í ṣe ojúrere. Ara ló ń béèrè rẹ̀.

Àwọn mìíràn kì í fi oyún pamọ́. Owó ni wọ́n ń yá. Gbọ́múléláńtà, owó èlé tí àwọn tó jọ yá a ń dúró fún ara wọn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san án. Àwọn tó yá ọ lówó ò fẹ́ gbọ́ pé o bímọ, wọn ò fẹ́ gbọ́ pé ojú abẹ ò tíì jinná. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó dúró fún ọ ni yóò kọ́kọ́ ká ọ mọ́lé, torí àwọn ni yóò san án bí o kò bá san. Àwọn mìíràn yá a lórí fóònù. Ọjọ́ kan tí o bá pẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò wọ fóònù ìyá ọkọ rẹ pé olè ni ọ́. Kí o lè san gbèsè, wàá padà síṣẹ́ láìpé. Bí o bá padà láìpé, ọmú yóò gbẹ. Bí ọmú bá gbẹ, agolo mílíìkì ni. Bí owó mílíìkì bá wọ́n jù, wàá bu omi sí i. Ọmọ yóò máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbẹ́ gbuuru yóò gbé yín padà sí ọsibítù tí ẹ ṣì jẹ lówó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ́fíìsì tí ọ̀gá ti pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé yẹn. Lẹ́tà ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dè ọ́. Orúkọ rẹ wà lókè, ààyè ìbuwọ́lù wà nísàlẹ̀. Ohun tó wà láàárín ni pé ìwọ fúnra rẹ lo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá yóò ní fọ́máálítì lásán ni, pé bí o bá bímọ tán kí o padà wá. Má bu ọwọ́ lù ú. Mo tún un sọ: má bu ọwọ́ lù ú. Ọjọ́ tí o bá bu ọwọ́ lù ú, wọn ò lé ọ mọ́, ìwọ lo lọ, ìdajì owó tí òfin fún ọ sì lè bá a lọ. Sọ pé o fẹ́ mú un lọ ka nílé. Kọ lẹ́tà tìrẹ pé o lóyún, fi ìwé dókítà mọ́ ọn, tọ́jú ẹ̀dà kan tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Bí wọ́n bá lé ọ síbẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà. Ní Èkó, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ìlú wà, wọn kì í gbowó. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ń gba àkókò, ọmọ kì í dúró de ìdájọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo owó kí n tó pariwo òfin.

Kí oyún tó dé ló yẹ kí àjọ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìwọ àti ọkọ rẹ bá ń dá 500 náírà lẹ́nìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́, 1,000 nìyẹn. Bí oṣù bá jẹ́ ọlọ́jọ́ 31, alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan, 30,000 yóò bọ́ sí yín lọ́wọ́. Oṣù márùn-ún, bí 150,000. Kò tó. Mo mọ̀ pé kò tó. Ṣùgbọ́n ó ju 105,000 tí o ń bẹ ọ̀gá fún lọ, kò sì sẹ́ni tí yóò ní kí o kúnlẹ̀ gbà á. Wọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ nígbà tí ikùn rẹ ṣì fẹ́lẹ́, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í yá ọmọ ẹgbẹ́ tuntun lówó. Forúkọ sílẹ̀ fún ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ rẹ. Ìlera Èkó wà ní Èkó, OYSHIA wà ní Ọ̀yọ́, òfin ìbánigbófò ìlera ti 2022 sì ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará ìlú. Kì í ṣe ọjọ́ tí ìrọbí bá mú ọ lo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fọ́ọ̀mù kiri.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sinmi fọ́tò ikùn. Ẹ sinmi kánópì mẹ́ta àti aṣọ ẹbí ìsọmọlórúkọ. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti jó títí ilẹ̀ fi ṣú ní ọjọ́ kẹjọ, tí ìyá ìkókó sì wọ ọkọ̀ lọ síṣẹ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá torí kò sí owó gààrí nílé. Èwo lọmọ náà jẹ nínú jọ́lọ́ọ̀fù yẹn?

Ẹ̀yin ọkọ, ó kàn yín. Ẹ kì í fẹ́ kí ará ìta gbọ́ pé owó ìyàwó ló ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n òun ló ń san án. Bí owó yẹn bá dá dúró ní oṣù karùn-ún, onílé ò ní dúró. Ẹ má sọ pé Ọlọ́run yóò ṣe é, kí ẹ sì máa ra ìgò bíà mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jókòó ti ìyàwó yín, ẹ kọ iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde sílẹ̀, ẹ yọ tìyàwó kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ wo ohun tó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí síṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú yín bímọ. Ẹ mọ bí ara ṣe ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ẹ ń ṣe lòdì sófin, ó sì burú.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, wá lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ jáde lálẹ́ òní. Kà á láti òkè dé ilẹ̀. Bí kò bá sí ìsinmi ìbímọ níbẹ̀, pe alájọ láàárọ̀ ọ̀la kó tó wọ ọjà lọ.