Àbúrò Mi, Jẹ́ Kí Ọ̀gá Rí Èrè Iṣẹ́ Rẹ

Àbúrò mi, súnmọ́ mi díẹ̀. Ìwọ tí ò ń gba Bámgbóṣé àti Tòkunbọ̀ kọjá láràárọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ní Marina tàbí Broad Street, tí wọ́n fi ṣe enterprise architect, ìwọ ni mò ń bá wí. Mo ń gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ lẹ́yìn Máàsì ní Holy Cross. Bí àkókò bọ́jẹ́ẹ̀tì bá dé, ọ̀gá á wo ìwé yín, á ní, "Àwòrán yìí dára o, ṣùgbọ́n èló ló ń mú wọlé fún wa?" Ẹ ò sì ní rí èsì fọ̀.

Má bínú sí ọ̀gá yẹn. Ìbéèrè gidi ló béèrè. Iṣẹ́ wa ni ká mọ bí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́, àkọsílẹ̀ rẹ̀ àti àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe so kọ́ra, ká sì tún un tò kí ẹ̀ka mẹ́ta má baà máa ra ohun kan náà. Èrè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè hàn sójú. Rántí ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ìlójò Bar ní Tinubu Square, nítòsí wa níbí. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní September 2016. Ẹ̀ka tí kò bá lè fi èrè rẹ̀ han àwọn tó ń pàṣẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe wó o lọ́jọ́ tí owó bá há.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kọ bí nǹkan ṣe wà sílẹ̀. Lọ jókòó ti ọmọbìnrin tó ń ṣí àkáǹtì fún oníbàárà, mú aago dání. Wò ó bó ṣe ń tẹ BVN, orúkọ àti àdírẹ́sì sínú ẹ̀rọ kìíní, tó tún ṣí èkejì, tó tún ń tẹ nǹkan kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí oníbàárà ń pòṣé níwájú rẹ̀. Kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà, kọ iye àṣìṣe, kí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i. Nígbà tí o bá so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀ tán, padà lọ bá a. Bí kò bá sí iye ti àná, ta ni yóò gba ti òní gbọ́?

Lẹ́yìn náà, ohun tí o tì pa ni kí o kà, kì í ṣe ohun tí o yà. Láísẹ́ǹsì sọ́fítíwíà ló yá jù láti fi hàn, torí dọ́là la fi ń san púpọ̀ nínú wọn. Ká ní ọ̀kan ń gba $40,000 lọ́dún. Kí CBN tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, tí dọ́là ṣì wà ní bíi ₦460 lọ́jà ìjọba, ₦18.4 mílíọ̀nù ni. Lọ́dún 2024 tí dọ́là kọjá ₦1,500, ó ti lé ní ₦60 mílíọ̀nù. Bí ẹ̀ka méjì bá ń san irú owó yìí fún iṣẹ́ kan náà, tí o sì mú ọ̀kan kúrò, èsì ọ̀gá ti dé nìyẹn.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe irú rẹ̀ lọ́nà tó tóbi. Ní August 2015, Ààrẹ Buhari pàṣẹ pé kí owó ìjọba wọ inú àkáǹtì kan ṣoṣo ní CBN, èyí tí à ń pè ní TSA. Àkáǹtì tó lé ní 17,000 tó fọ́n ká sáwọn bánkì ni wọ́n kó pọ̀. Iye àkáǹtì tí wọ́n tì àti owó bánkì tí wọn ò san mọ́ ni ìjọba fi ń yangàn.

Ewu tí kò ṣẹlẹ̀ ló le jù láti kà, mi ò ní tàn ọ́. Ní September àti October 2024, GTBank, Zenith àti Sterling wà lára àwọn bánkì tó pààrọ̀ ẹ̀rọ tí gbogbo iṣẹ́ wọn dúró lé, àwọn oníbàárà sì figbe ta pé owó ò ṣeé fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ tó so mọ́ èyí tó kù lè dín irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kù. Báwo ló ṣe máa dín in kù tó? Má dá iye kan ṣoṣo. Wo àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tìrẹ: wákàtí mélòó ni ẹ̀rọ fi dákú lọ́dún tó kọjá, èló là ń pàdánù ní wákàtí kan? Fún wọn ní èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù, kí o sì ṣàlàyé bí o ṣe rí i.

Ó ku ọ̀kan, àárín àwa méjèèjì ni o. Má fi ẹnu ara rẹ kéde owó tí iṣẹ́ rẹ gbà là. Jẹ́ kí ẹ̀ka ìṣúná kà á, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ bá sì ń sọ pé àwọn ló ni èrè kan náà, ẹ jọ pín in lórí ìwé. Bí ìgbìmọ̀ olùdarí bá ti rí ₦60 mílíọ̀nù kan náà nínú ìròyìn méjì, wọn ò ní gba ìkankan nínú yín gbọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, lọ béèrè ìwé owó láísẹ́ǹsì ọdún tó kọjá lọ́wọ́ ẹ̀ka ìṣúná. Jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.