Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tí Ó Ní Òṣìṣẹ́ Lábẹ́: Nígbà Tí Iṣẹ́ Bá Fẹ́ Yí Padà

Ẹ̀yin ará, ẹ̀kọ́ yìí wà fún gbogbo ẹni tí ó jẹ́ olórí níbi iṣẹ́: ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ó jẹ́ ṣẹ́fù ní biró, ọ̀gá télọ̀ tí ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Kò sí ibi iṣẹ́ tí kì í yí padà. Ẹ̀rọ tuntun á dé, ọjà á kú, wọ́n á pa ilé iṣẹ́ méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tí a fẹ́ kọ́ ni bí olórí ṣe lè mú àwọn ènìyàn rẹ̀ la irú àkókò bẹ́ẹ̀ kọjá, láì gbá wọn dànù bí pàǹtí.

A ó fi ilé iṣẹ́ Nokia ṣe àpẹẹrẹ. Ta ni nínú wa tí kò mọ Nokia? Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé fóònù Nokia ni a kọ́kọ́ fi pe ará ilé. Ilẹ̀ Finland ni wọ́n ti wá. Ìgbà mẹ́ta ni a ó wò.

Ní oṣù kìíní ọdún 2008, Nokia kéde pé àwọn yóò ti ilé iṣẹ́ àwọn ní ìlú Bochum, ní ilẹ̀ Jámánì, kí àwọn lè gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilẹ̀ Romania níbi tí owó òṣìṣẹ́ kò ti pọ̀. Òṣìṣẹ́ bíi 2,300 ni ọ̀rọ̀ náà bá. Ẹ sì wò ó o, èrè ńlá ni Nokia ń jẹ nígbà náà! Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ènìyàn bíi 15,000 fi tú sí ìgboro. Àwọn olóṣèlú ní kí Nokia dá owó ìrànwọ́ tí ìjọba fún un padà, àwọn mìíràn ní kí ẹnikẹ́ni má ra fóònù wọn mọ́. Nígbẹ̀yìn, 200 mílíọ̀nù owó euro ni wọ́n gbà láti san fún àwọn òṣìṣẹ́ náà, ìyẹn ju 80,000 lọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó kékeré kọ́. Síbẹ̀ kò pa iná náà. Lójú tiwa, ohun tí ó dun àwọn ènìyàn yìí jù ni pé a ti parí ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn wọn, a wá ń sọ fún wọn bí ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀.

Ìgbà kejì ni ọdún 2011. Irú fóònù tuntun tí a ń fi ìka tẹ̀ lójú ti gba ọjà. iPhone ti dé láti ọdún 2007, Nokia sì ń lọ sílẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn ní láti dá òṣìṣẹ́ 18,000 dúró ní orílẹ̀-èdè 13. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Bochum ṣì ń ta wọ́n lára. Jorma Ollila, alága ìgbìmọ̀ wọn, kò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, ni wọ́n bá gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Afárá.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n sọ̀rọ̀ náà fún àwọn ènìyàn ní kùtùkùtù, kí ọjọ́ tó dé. Wọ́n sì la ọ̀nà márùn-ún sílẹ̀: kí òṣìṣẹ́ wá àyè mìíràn nínú Nokia, kí wọ́n bá a wá iṣẹ́ síbòmíràn, kí ó dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ tuntun, tàbí kí ó mú èrò tirẹ̀ wá nípa ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹni tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀ lè gba tó 25,000 euro. Ètò Afárá nìkan gba 50 mílíọ̀nù euro, bíi 2,800 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí kì í ṣe gbogbo owó tí ìyípadà náà jẹ. Nínú òṣìṣẹ́ 100, 60 ni ó ti mọ ibi tí òun ń lọ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Òwò tuntun bíi 1,000 ni ó jáde nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kò sì bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń múra àtilọ. A mọ̀ pé 40 ṣẹ́ kù nínú 100 yẹn. Afárá kò gbé gbogbo ènìyàn kọjá, a ò ní purọ́ fún yín.

Ìgbà kẹta kò gùn. Ní ọdún 2014, Microsoft ra iṣẹ́ fóònù Nokia. Ní oṣù keje ọdún yẹn, ọ̀gá àgbà ẹ̀ka náà, Stephen Elop, kọ lẹ́tà sí àwọn òṣìṣẹ́. Ó kí wọn bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́, ó sọ̀rọ̀ fóònù, ó sọ̀rọ̀ ètò ọjà, ó ń sọ ọ́ lọ gbọọrọ. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ni wọ́n tó rí i pé ènìyàn bíi 12,500 ni iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìwé ìròyìn fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwa náà fẹ́ràn àtimáa yí ọ̀rọ̀ po. Bí ọ̀rọ̀ bá burú, a ó kọ́kọ́ pa òwe, a ó bèèrè àwọn ọmọ, a ó fún un lómi mu. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀. Ti iṣẹ́ yàtọ̀, nítorí ẹni tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti ka ọjọ́: owó ilé ń bọ̀, owó iléèwé ń bọ̀.

Ẹ wò ó báyìí. Ọ̀gá télọ̀ kan fẹ́ ra ẹ̀rọ oníná méjì, kò sì ní nílò ọwọ́ mẹ́rin mọ́. Bí ó bá dákẹ́ títí ẹ̀rọ fi dé, gbogbo wọn ni yóò bẹ̀rù, títí kan àwọn tí kò ní lọ. Kí ó pè wọ́n ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Kí ó sọ ọ́ ní gbólóhùn kìíní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rọ ń bọ̀, ẹni méjì ni yóò kù.” Kí ó sọ ìdí rẹ̀. Kí ó wá dákẹ́, kí wọ́n sọ tiwọn, bí ẹnì kan bá tilẹ̀ bínú, kí ó má pè é ní aláìmoore. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ náà, kí ó jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án. Fún àwọn tí yóò lọ, kí ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá àyè wà. Kí ó sì kọ ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ fún wọn kí oṣù mẹ́ta náà tó pé, kí ó dárúkọ ohun tí oníkálukú mọ̀ ọ́n ṣe síbẹ̀, agbádá ni o, kọ́ńpìlẹ́ẹ̀tì ni o, kí ọ̀gá tí yóò gbà wọ́n lè kà á.